Ta Ni Ó Ni Shooting Stars? Ìtàn Bí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn Ṣe Bọ́ Láti Ọwọ́ dé Ọwọ́, àti Ọ̀rọ̀ Pápá Ìṣeré Rẹ̀, 1959 sí 2025

Ìfáárà

Láti ìgbà tí Ìbàdàn ti di ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829 ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni nǹkan àti ẹni tí ó kàn ń ṣe àkóso rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá ní ìlú náà. Àwọn jagunjagun tí wọ́n tẹ̀dó sí àyíká Mápó àti Ọjà'ba kò bá ọba kan níbẹ̀ tí ó lè pín ilẹ̀ fún wọn. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀, ó kọ́ agboolé, ó sì kó ẹbí, ìwọ̀fà àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ sínú rẹ̀. Nígbà tí olórí ogun bẹ́ẹ̀ bá kú, mọ́gàjí ni yóò jókòó sí ipò rẹ̀. Mọ́gàjí ní àṣẹ lórí agboolé: òun ni ó ń parí ìjà, òun ni ó sì ń ṣojú ẹbí níwájú àwọn ìjòyè. Síbẹ̀ kò lè ta agboolé bí ẹni ta ẹrù ara rẹ̀, nítorí pé ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè àti ti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ojú agboolé yìí ni àwọn ará Ìbàdàn fi ń wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars, ṣùgbọ́n ojú dúkìá ilé-iṣẹ́ ni àwọn tí ó wà nídìí àkóso rẹ̀ fi ń wò ó. Láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ẹgbẹ́ náà bọ́ láti ọwọ́ àjọ kan sí òmíràn, ó sì ti ọwọ́ àjọ bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyípadà wọ̀nyí tí ó fi ibì kankan sílẹ̀ fún àwọn alátìlẹyìn láti jókòó bí ọmọ ẹbí. Bákan náà, nínú gbogbo pápá ìṣeré tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe ilé, kò sí èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì so pọ̀ mọ́ ara wọn, a kò sì lè lóye ọ̀kan láìwo èkejì.

Láti Orúkọ Ìlú sí Orúkọ Àjọ

Kí WNDC tó gba orí pápá, ẹgbẹ́ tí ó ń gba ògo fún Ìbàdàn nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ gbogbo Nàìjíríà ni Ibadan Lions. Ó gba ife náà ní 1959, 1961, 1966 àti 1969. Orúkọ ìlú ni ẹgbẹ́ yìí ń jẹ́. Ẹni tí ó ń ti Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹrúnkà lọ wo bọ́ọ̀lù kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé tirẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ní àsìkò yẹn, bọ́ọ̀lù gbígbá kì í ṣe iṣẹ́ tí a fi ń jẹun ní Nàìjíríà. Agbábọ́ọ̀lù ní láti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, nítorí náà ibi tí iṣẹ́ wà ni agbábọ́ọ̀lù wà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ó gba ife náà ń jẹ́: ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Èkó, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná tí a mọ̀ sí ECN. Ní Ìbàdàn, àjọ tí ó lágbára jù lọ láti gba ènìyàn síṣẹ́ ni àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí ìjọba Ẹkùn dá sílẹ̀ ní 1959 tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ sí WNDC. Owó kòkó ni ó wà lẹ́yìn àjọ náà. Oko ọ̀gbìn, ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé ìtura wà lábẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sì wà lára ohun tí ó ń tọ́jú.

Ní 1971, ẹgbẹ́ WNDC gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Nàìjíríà. Bí a bá fi ọdún yìí wé 1969, ìyípadà pàtàkì kan hàn. Ìlú kan náà ni ife méjèèjì wá, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fín sára ti èkejì kì í ṣe orúkọ ìlú mọ́. Orúkọ ọ̀gá tí ń san owó oṣù ni. Àwọn ènìyàn Ìbàdàn kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí, torí pé kò sí ohun tí ó sọnù lójú wọn. Àwọn kan náà ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan náà ni wọ́n sì ń wò ó. Àmọ́ nínú ìwé, ẹgbẹ́ náà ti di ẹrù àjọ, ibi tí àjọ náà bá sì forí lé ni ẹrù rẹ̀ yóò bá a lọ.

IICC àti Pípín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ẹgbẹ́ náà bọ́ sábẹ́ àjọ mìíràn tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn gbé kalẹ̀ láti fi owó ṣòwò àti láti yá àwọn ilé-iṣẹ́ lówó, ìyẹn IICC. Orúkọ rẹ̀ sì di IICC Shooting Stars. Ní oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Gbogbo ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni di ọ̀rọ̀ ogún pínpín. Fún ilé-iṣẹ́, ilẹ̀ àti ilé, wọ́n rí ọgbọ́n dá. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ ní 1976 kí ó máa tọ́jú wọn fún ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbàdàn ni ó wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí náà ọwọ́ ìjọba Ọ̀yọ́ ni ó bọ́ sí nígbẹ̀yìn.

Ọdún ìpín yìí gan-an ni ẹgbẹ́ náà ṣe ohun tí ẹgbẹ́ kankan láti Nàìjíríà kò tíì ṣe rí. Nínú ìdíje àwọn tí ó gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, Shooting Stars pàdé Tonnerre ti ìlú Yaoundé nínú àṣekágbá. Ní Ìbàdàn, wọ́n gbá góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan. Ní Yaoundé, Tonnerre gbá ẹyọ kan, Shooting Stars kò sì rí kankan dá padà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin sí méjì, ife náà sì wọ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ náà gba ife líìgì Nàìjíríà.

Bí a bá wo àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù náà, ó hàn gbangba pé ìlà tí ìjọba fà sórí máàpù kò kan ẹgbẹ́ yìí. Múdà Láwàl, tí ó wà lára àwọn òpó rẹ̀, jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ìlú tí ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún yẹn gan-an. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó kàwé ní Pólì Ìbàdàn, kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn bákan náà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ka àwọn méjèèjì sí àlejò ní Ọjà'ba. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1980, tí ó fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria ní Èkó, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Láwàl sì gbá ẹ̀kẹta. Agboolé Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ bí a ti ń sọ àlejò di ọmọ ilé, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí kò yàtọ̀ sí i.

Ìjọba Gẹ́gẹ́ bí Olówó, àti Ẹ̀kọ́ Leventis

Lábẹ́ ìjọba Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ náà gba ife líìgì ní 1980 àti 1983. Ó tún gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Nàìjíríà ní 1977 àti 1979. Kò sí bí a ṣe lè sọ pé owó ìjọba kò ṣe ẹgbẹ́ náà láǹfààní. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ní ìrù tí ó ń wọ́ tẹ̀lé e. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ẹgbẹ́ jẹ́ ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn. Bí ìjọba bá ṣubú, ìgbìmọ̀ náà ṣubú. Láàárín oṣù kẹwàá 1983 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1984 nìkan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí gómìnà mẹ́ta: Bọ́lá Ìgè, ẹni tí ó parí sáà rẹ̀, Ọmọ́lolú Olúnlóyọ̀ọ́, ẹni tí ó lo oṣù mẹ́ta, àti gómìnà ológun tí ó wá lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1983.

Ní 1984 kan náà, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ní Áfíríkà. Ràṣídì Yẹkíní wà lára àwọn tí wọ́n gbá a dé ibẹ̀. Zamalek ti Íjíbítì na wọ́n ní góòlù méjì sí òdo ní Cairo, ó sì tún fi ẹyọ kan sí òdo nà wọ́n ní Èkó. Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yìí, wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká fún ìgbà díẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ó fi ìyàtọ̀ hàn jù lọ láàárín ojú agboolé àti ojú ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lè ti ìsọ̀ rẹ̀ bí ọjà kò bá tà. Mọ́gàjí kò lè tú agboolé ká nítorí pé àwọn ọmọ ilé pàdánù nínú ogun kan. Ẹni tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ ni ẹbí yóò yọ nípò. Àwọn alátìlẹyìn Shooting Stars kò ní agbára láti yọ ẹnikẹ́ni nípò. Ohun tí wọ́n ní ni ohùn wọn àti owó tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Kí a má bàa rò pé ìjọba nìkan ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a yẹ ọ̀nà kejì wò, ìyẹn ọ̀nà aládàáni. Ní Ìbàdàn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Leventis ti dá ẹgbẹ́ Leventis United sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹgbẹ́ yìí gòkè bí ọyẹ́. Ó gba líìgì àti ife ẹ̀yẹ gbogbo Nàìjíríà pa pọ̀ ní 1984, ó sì tún gba méjèèjì ní 1986. Ní 1985 ó dé àṣekágbá ìdíje àwọn tí ó gba ife ẹ̀yẹ ní Áfíríkà, níbi tí Al Ahly ti borí rẹ̀. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ náà sì pòórá. Kò fi ohun kan sílẹ̀ fún ìlú bí kò ṣe ìrántí. Ní Èkó, Stationery Stores, tí Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀, pẹ́ ju ti Leventis lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1969, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà di ohun tí kò tán bọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí a bá fi Shooting Stars wé Leventis United, ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe ohun kan tí olówó aládàáni kò ṣe: kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà kú. Ṣùgbọ́n kí nǹkan má kú yàtọ̀ sí kí ó ní ìlera.

Ọ̀rọ̀ Pápá Ìṣeré

Ní 1960, ọdún òmìnira, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣí pápá ìṣeré Liberty ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni ìjọba yìí kan náà dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní ìlú náà. Owó kòkó ló kọ́ méjèèjì, ọkàn gíga kan náà ló sì bí wọn. Ní oṣù kẹjọ 1963, Dick Tiger àti Gene Fullmer ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ipò àgbáyé níbẹ̀. Ní 1980 ọ̀kan nínú ìsọ̀rí méjì ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n gbá ní Ìbàdàn. Ní 1999, ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tún débẹ̀.

Pápá Liberty ni ilé Shooting Stars nígbà ògo rẹ̀, àmọ́ bí ayálégbé ni ó ṣe wà níbẹ̀. Nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn kò sí mọ́, pápá náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ̀yẹ tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìlú kò lè fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìwọ̀ Oòrùn fi òógùn wọn kọ́ ti di ohun tí ẹni tí ó wà ní Àbújá ń pinnu lé lórí.

Ọgbọ́n kejì ni pápá Adamásingbà, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ́. Ó sún mọ́ Ìbàdàn àtijọ́ ju Òkè-Àdó lọ lójú ọ̀pọ̀ alátìlẹyìn, torí pé ẹni tí ó bá ti Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹrúnkà jáde lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Orúkọ Lékan Sàlámì, ẹni tí ó ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Nínú gbogbo ìtàn tí bébà yìí gbé yẹ̀ wò, ibí yìí nìkan ni orúkọ ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ sin ẹgbẹ́ ti wà lára ohun tí a fi òkúta kọ́. Ṣùgbọ́n pápá náà kéré. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn ni ó gbà, nígbà tí ti Liberty tóbi jù ú lọ dáadáa. Ìjọba ni ó sì ni ín. Ẹgbẹ́ náà tún jẹ́ ayálégbé lẹ́ẹ̀kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onílé rẹ̀ ni baba rẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú èyí hàn nígbà tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé, tí ó gorí oyè ní 2019, bẹ̀rẹ̀ sí í tún Adamásingbà kọ́. Ohun tí ó yẹ ni, torí pé pápá náà ti gbó. Àmọ́ bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, Shooting Stars ní láti kó ẹrù rẹ̀ lọ máa gba àlejò ní ìlú mìíràn. Ẹgbẹ́ tí ó ní ilé tirẹ̀ lè tún un kọ́ ní díẹ̀díẹ̀, ní àsìkò tí ó bá wù ú, kí ó sì máa gbé inú rẹ̀. Ayálégbé ni ó ń jáde nígbà tí onílé bá ní kí ó jáde.

Ìjákulẹ̀, Ìpadàbọ̀ àti Àpẹẹrẹ Àwọn Ẹlòmíràn

Kò tọ́ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìfàsẹ́yìn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 1992, Shooting Stars ni ó kọ́kọ́ gba ife CAF tuntun. Ó gbá òdo sí òdo pẹ̀lú Nakivubo Villa ní Kampala, ó sì na wọ́n ní mẹ́ta sí òdo nílé. Ní 1995 ó gba líìgì àti ife ẹ̀yẹ gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Ní 1996 ó tún pàdé Zamalek nínú àṣekágbá: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan borí ní ilé rẹ̀ pẹ̀lú méjì sí ọ̀kan, pẹnáritì ni Zamalek sì fi gba ife náà. Ní 1998 ó gba líìgì lẹ́ẹ̀karùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní 2017 ó já kúrò nínú líìgì àgbà, kò sì padà síbẹ̀ títí di 2021.

Láàárín àkókò yìí, ẹgbẹ́ kan ní ìtòsí fi ọ̀nà mìíràn hàn. Remo Stars, ẹgbẹ́ aládàáni tí Kúnlé Ṣónàmẹ̀ dá sílẹ̀, ní pápá tirẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Òun náà já ní 2017, òun náà padà ní 2021. Ṣùgbọ́n ní 2025, òun ni ó gba líìgì Nàìjíríà. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ṣubú lọ́dún kan, wọ́n dìde lọ́dún kan, èyí tí ó ní ilé tirẹ̀ sì ni ó dé orí òkè. Kò yẹ kí a sọ pé pápá nìkan ni ó fa èyí. Síbẹ̀ a kò lè ṣàìka a sí.

Ǹjẹ́ kí a wá ta Shooting Stars fún olówó kan? Ìtàn Leventis United kìlọ̀ pé kí a má yára. Ọ̀nà kẹta wà. Ní Sípéènì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Barcelona ni wọ́n ni ẹgbẹ́ wọn, àwọn ni wọ́n sì ń dìbò yan ààrẹ rẹ̀. Ní Jámánì, òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998 sọ pé olówó lè mú owó wá, ṣùgbọ́n ó ju ìdajì ìbò lọ tí yóò wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn ará Jámánì sọ fún olówó pé: o lè jẹ́ mọ́gàjí, o kò lè ta agboolé. Ohun tí wọ́n fi òfin ṣe yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣe ìpàdé ẹbí ní Mápó.

Ìkádìí

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn ti jẹ́ orúkọ ìlú, orúkọ àjọ ìdàgbàsókè, orúkọ àjọ ayánilówó àti ẹrù ìjọba ìpínlẹ̀, láìsí ọjọ́ kan tí a fi ìwé sọ ohun tí ó tọ́ sí àwọn tí wọ́n ń pè é ní tiwọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kò ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí ni ó gbé Shooting Stars la ìjákulẹ̀ já: nígbà tí wọ́n tú u ká, nígbà tí ó já, àti nígbà tí kò ní ibi tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù nílé, àwọn ènìyàn Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ kò fi ìlẹ̀kẹ̀ wọn sí ìdí ẹgbẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Ìgbà tí ìjọba bá tún ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí nípa pápá tí yóò kọ́ fún un, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ bi í. Àkọ́kọ́, lórúkọ ta ni ìwé pápá náà yóò wà? Èkejì, ìjókòó mélòó nínú ìgbìmọ̀ ni yóò jẹ́ ti àwọn alátìlẹyìn, tí ìyípadà ìjọba kò sì ní lè gbà lọ́wọ́ wọn? Títí di ìgbà tí ìdáhùn bá wà fún méjèèjì, Shooting Stars yóò máa ní mọ́gàjí lẹ́yìn mọ́gàjí, kò sì ní ní ìpàdé ẹbí.